Kí Wọ́n Tó So Òwú

"Àǹtí, bàbá mi ti kú," ni Naresh wí lórí fóònù láti abúlé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Tanvi."

Kumud jókòó sórí àpò ìrẹsì nínú ilé ìdáná. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu tẹ́lẹ̀. Ọ̀la ni ìgbéyàwó Tanvi ọmọ rẹ̀, òní ni bàbá Naresh, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, rí kú. Òkú ẹbí a máa sọ ilé di aláìmọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ni àìmọ́ náà ń mú. Bí àwòrò bá ti so òwú pupa mọ́ Tanvi lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbọ́, ayẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òkú kankan ò lè dá a dúró mọ́. Àwòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá ni. Àwọn àna sì ti ní àwọn ò ní í sún ọjọ́ mọ́ láé.

Girish, ọkọ rẹ̀, yọjú. "Ìyá Tanvi, ta ló pè?"

"Ẹni tó ń ta òdòdó ni."

"Gbé ata ilẹ̀ pupa wá, kí o fi pa ọmọ ẹ lára."

Kumud ti gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan Tanvi mọ́ kí àìmọ́ má bàa ràn án. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí sáyé, ẹlòmíì ni yóò fi ata ilẹ̀ pa á lára bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó. Ó dùn ún wọra. "Ní kí àbúrò mi bá mi ṣe é. Ara mi ò yá."

"Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, o ti ń ṣàìsàn," ni Girish wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbé abọ́ náà lọ. Àánú rẹ̀ ṣe Kumud.

Ẹnu ọ̀nà ló ti ń wò wọ́n. Tanvi ń wá ìyá rẹ̀ kiri pẹ̀lú ojú. Níkẹyìn, àwòrò so òwú náà. Kumud wá lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ nínú yàrá.

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ."

"Mo ti gbọ́," ni ìyá arúgbó náà dáhùn. "Èmi ni mo bí i. Ta ni Naresh ìbá kọ́kọ́ pè?"

"Ẹ ò sì sunkún, Màmá?"

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọ́n ti so ó?"

"Wọ́n ti so ó."

"Girish ńkọ́?"

"Kò tíì mọ̀."

"Jẹ́ kó jẹun ná." Ó nawọ́ sí Kumud. "Wá jókòó tì mí. Ìwọ nìkan ni mo lè fọwọ́ kàn nínú ilé yìí."

Kumud ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó sì gba ìyá náà mọ́ra.