Pátákó Ọ̀gá Ọládèjì

"Màmá, ẹ bá mi bẹ Bàbá. Kí wọ́n ṣáà mú ìwé náà dání wá lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn ẹbí. Ó parí." Orí ìkúnlẹ̀ ni Mujeebat wà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn.

Ọ̀gá Ọládèjì ń múra òde. Iwájú dígí ló wà, ó ń dé fìlà kan, ó ń ṣí i, ó ń mú òmíràn. Ọjọ́ Ajé ni, ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì máa ń ṣèpàdé lápá Màpó, fìlà ọjọ́ Ajé tó kọjá kò sì gbọdọ̀ padà débẹ̀.

"Clara, èwo ló dára jù nínú méjèèjì?"

"Opó ọlọ́pó ń bá yín sọ̀rọ̀, Bàbá Dára."

"Mo gbọ́. Ṣé adití ni mí ni?" Ó yíjú sí Mujeebat, ó rín ẹ̀rín tó máa ń rín sí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó fi jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. "Má mikàn. Ìwé kì í sọnù nílé mi. A ó wò ó."

Clara mọ "a ó wò ó" yẹn. Ogójì ọdún ó lé ló ti ń gbọ́ ọ. Ohun tí ọkọ rẹ̀ bá ti ní àwọn yóò wò, ó ti wò ó tán, ó ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé náà kò le. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn àgbà agboolé tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Pópó Yemọja fún Sàídì jórinjórin, ọkọ Mujeebat, ní ilẹ̀ díẹ̀. Sàídì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ yàrá méjì sí i. Nítorí pé kò sí ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ gún tó ti Ọ̀gá Ọládèjì ládùúgbò, òun ni wọ́n ní kó kọ àdéhùn náà sílẹ̀, pé yàrá méjèèjì di ti Sàídì àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà tẹ̀ka, Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ṣe. Ti Sàídì wà nínú àpótí tí àwọn ẹbí gbé lọ lọ́jọ́ kẹjọ tó kú, wọ́n ní kó má baà sọnù. Àpótí padà wálé. Ìwé ò bá a wá. Èkejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá, nínú fáìlì aláwọ̀ ewé. Alájì Jubril tó jẹ́ Mọ́gàjí, olórí agboolé wọn báyìí, wá ń sọ pé wọ́n kàn yọ̀ǹda kí Sàídì máa sùn síbẹ̀ ni. Bí kò bá sí ìwé lọ́jọ́bọ̀, kí Mujeebat kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì jáde.

Kí ló wá ń dá Ọ̀gá dúró? Orúkọ ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti ń dọ́gbọ́n kí wọ́n fi orúkọ òun sọ òpópónà tóóró tó gba iwájú ilé wọn. Ẹgbẹ́ onílé ti gbà. Mọ́gàjí nìkan ló kù, torí orí ilẹ̀ wọn ni òpópónà náà gbà kọjá. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni Mọ́gàjí sì ránṣẹ́ pé òun ti ń rò ó sí rere, pé bí ohunkóhun ò bá yí padà, wọ́n á ṣí pátákó rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan tí orúnkún ń dùn ní Òkè Bọ́lá. Ọ̀gá bèèrè orúnkún lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀rọ̀ òpópónà fún wákàtí kan. Lọ́jọ́rú, ilé òkú ni wọ́n yà sí lẹ́bàá Ọjà'ba. Nígbà tí wọ́n gbé ìwé ìbánikẹ́dùn kalẹ̀, Clara yọjú wo ohun tí ọkọ rẹ̀ kọ. Lábẹ́ "Ó dàárọ̀ o", níbi tí wọ́n ní kí èèyàn kọ àdírẹ́sì sí, pẹ̀lú lẹ́tà tó gún bí ẹ̀gbẹ́ rúlà, ó ti kọ ọ́: *Ilé Kẹrin, Òpópónà Ọládèjì, Pópó Yemọja.*

Ojú ti Clara. Òkú ò tíì tutù, ó ti ń polówó ara rẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́bọ̀, bó ṣe ku díẹ̀ kí ìpàdé ẹbí bẹ̀rẹ̀, Clara ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú ìwé náà, ó ká a sínú báàgì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ọkọ rẹ̀ ti pàdé rẹ̀.

"Níbo?"

"Agboolé."

"Clara, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹni tí kì í ṣe ará ilé, kí ló mọ̀ nípa ibi tí àjà ń jò?"

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́, Bàbá Dára."

"Mo kọ ọ́, mi ò ní mo máa gbé e kiri. Jẹ́ kí Àbámẹ́ta kọjá ná. Àbámẹ́ta lásán!"

Kó tó fèsì, Jemima, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, ti ń kígbe bọ̀ lójúde. "Ìyàwó olóòpópónà! Màmá Títì! Ẹ wá yan yẹtí tí ẹ ó lò lọ́jọ́ náà o!"

Clara rẹ́rìn-ín. Kò mọ ìgbà tó jókòó. Jemima tú yẹtí sórí tábìlì, wúrà, fàdákà, òkúta aláwọ̀ ewé, ó ń ki í, "Àwọn kan ń gbé títì, àwọn kan ló ni títì!" Clara fi ọ̀kan sétí, ó wo dígí, ó yọ ọ́, ó mú òmíràn. Nígbà tó máa fi gbọ́ ìpè ìrun Alásárì, ìpàdé ti tú ká.

Mujeebat ò wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin bẹ̀rẹ̀ láti agboolé, ó sì ń pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń tún nǹkan ṣe," ni Ọ̀gá wí, ó tún ń wọn fìlà.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n to àga sí ẹnu òpópónà. Dárasími, ọmọ wọn, ń wò ó láti Kánádà lórí fóònù tí Jemima nà sókè. Mọ́gàjí ṣí aṣọ lójú pátákó náà, ó sì wú ikọ́.

"Àwa ò fi ti ọjà dá Ọ̀gá wa lọ́lá o. Irin ilé wa la fi ṣe é!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Clara wo férémù tó gbé pátákó náà dúró. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà ewé, àmọ́ ọ̀dà kì í pa àpẹẹrẹ rẹ́: irin tó ká bí ìkarahun ìgbín lápá ọ̀tún, tó ká lápá òsì. Irú rẹ̀ wà lójú fèrèsé yàrá rẹ̀; Sàídì ló jó o. Ẹni tó ká irin báyìí kò tún sí ní gbogbo Pópó Yemọja. Ilẹ̀kùn Sàídì ni.

Ẹ̀yìn èrò ni ó ti rí wọn. Mujeebat jókòó lórí ẹrù tí wọ́n fi aṣọ ìbùsùn dì, ọmọ kékeré lórí itan. Ó dìde nígbà tí ojú wọn pàdé, ó kúnlẹ̀ nínú eruku.

"Ẹ kú oríire, Màmá."

Qúdrát, àkọ́bí rẹ̀, ti gba àárín àga lọ sídìí pátákó. Ó na ìka, ó ń fi í tọ ojú irin nísàlẹ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ ti fi iná jórin kọ nǹkan sí lọ́dún tí wọ́n bí i.

"Màmi, orúkọ mi rè é!"

Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó sì yíjú sí àwọn àlejò. "Ẹ wò ó bí ọmọ yìí ṣe mọ̀wé!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Clara ṣí báàgì, ó ń wá ìnujú. Ìwé tó ká síbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Màmá Títì, wọ́n ń yà yín o," ni Jemima wí, ó dojú fóònù kọ ọ́.

Ó ti ìwé náà padà, ó pa báàgì dé, ó sì bá wọn pàtẹ́wọ́.