Àwọ̀ Tí Mo Yọ Lára Ọmọ Mi

Àná. Kí ló dé tí mo sọ pé àná? Nọ́ọ̀sì yẹn ò jágbe mọ́ mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló bi mí, "Madame, depuis quand?", láti ìgbà wo ni ojú ọmọ ti ń pọ́n báyìí, mo sì ní àná. Ó yá lẹ́nu mi bí ẹni pé wọ́n bi mí ní orúkọ mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi wà nínú yàrá yẹn, nínú àpótí onídígí. Wọ́n fi aṣọ dì í lójú, wọ́n tan iná búlúù sí i lára. Tí mo bá na ọrùn láti orí bẹ́ńṣì yìí, mo lè rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó ń ta á… ó dúró… ó tún ta á. Ta á, ọmọ mi. Máa ta á.

"Ibà pọ́njú ni. Ìmọ́lẹ̀ yìí á máa fa àwọ̀ náà kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Nọ́ọ̀sì náà ló wí bẹ́ẹ̀. Ó tún ní, "Àmọ́ a gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kò pẹ́ tí ẹ bí i tó ti wà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Dókítà á ní láti wá ohun mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ọ̀rọ̀ mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ló bi mí léèrè, mo sì ní —

Búlúù. Èmi náà ti fi búlúù fa àwọ̀ yẹn kúrò. Lórí fóònù. Ìka kan péré ni mo lò, kò sì dun ọmọ.

Ká ní mi ò mọ nǹkan kan nípa àwòrán ni… Rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi àwòrán. Mo fẹ́ràn ẹ̀, ẹgbẹ́ wa yẹn. Nígbà tí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà parí ní àdúgbò Totsi, Maître Félicien tó kọ́ wa ní ìwé kíkà ní kí a má tú ká. Wọ́n fẹ́ràn fọ́tò bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Wọ́n kó gbogbo wa jọ sórí WhatsApp: ya àwòrán, kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó kù sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. "Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lápá òsì." "Gé òpó iná yẹn kúrò, ó dà bíi pé orí bàbá náà ló ti hù." Èmi tí mi ò lè kọ orúkọ ara mi tẹ́lẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́ fún Jonas pé ojú ọ̀run rẹ̀ ti funfun jù, ìkuukùu ti pòórá nínú rẹ̀. Jonas dáhùn pé, "Merci, madame la professeure." Ó pè mí ní olùkọ́! Mo ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín, mo tún ń kà á.

Jonas yẹn kan náà ló fa òfin. Gloria fi àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀ ránṣẹ́, Jonas ní ìmọ́lẹ̀ dára, àmọ́ ikùn ìyàwó ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Háà! Gloria ní, "Ṣé ìwọ ló máa bá mi bí i ni, alátojúbọ̀?" Ìjà náà gbóná débi pé Maître ní láti dá sí i. Láti òní lọ, wọ́n ní, àwòrán la ó máa wò, a kò ní máa wo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la tẹ àwòrán àtàǹpàkò sí i pé a gbà. Òfin tó dára. Òfin tó dára ni, àbí?

Ọjọ́ tí a ti ilé ìgbẹ̀bí dé ilé wa ní Baguida ni mo ya àkọ́kọ́. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo tẹ́ ọmọ lé e. Fún ìsọmọlórúkọ ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, kí a lè rí èyí tó dára fi ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Sakété. Maître kọ ọ́ pé, "Àwòrán rere, Fàòsíyà. Àmọ́ ó jaune jù, àwọ̀ ìyeyè ti bo ọmọ. Aṣọ wo ló wà lójú fèrèsé rẹ?"

Ìyeyè ni! Aṣọ ìyeyè ló wà níbẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó, tòun ti ojú ibi tí wọ́n rán fún mi nígbà tí mo bímọ. Aṣọ fèrèsé ni, aṣọ fèrèsé lásán-làsàn…

Mo ká a kúrò. Mo tún un yà.

Aṣọ tí ọmọ sùn lé funfun báláú. Ọmọ ò yí padà.

Mi ò fi ìyẹn ránṣẹ́. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó. Maître ti kọ́ wa pé tí àwọ̀ àwòrán bá gbóná jù, kí a fa ilà kékeré tó wà nísàlẹ̀ fóònù sí apá búlúù, kí a sì máa wo ohun funfun tó bá wà nínú rẹ̀. "Ohun funfun ni ẹlẹ́rìí yín. Tó bá ti funfun, ẹ dá ọwọ́ dúró." Ó ti funfun kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo mọ̀. Mo sì fà á. Mo fà á títí ojú ọmọ fi mọ́, títí ó fi dà bí ọmọ tí mo máa ń rí nígbà tí mo bá di ojú mi tòun ti oyún. Aṣọ wá di búlúù, bí aṣọ tí wọ́n da búlúù ìfọṣọ sí ní ìdàkudà.

Ẹlẹ́rìí. Mo gé e dànù. Mo gé gbogbo etí àwòrán títí tó fi ku ojú ọmọ nìkan, mo wá fi ránṣẹ́.

"Bravo! Ẹ wo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi!" Òdòdó, àtẹ́wọ́, ọkàn pupa. Gloria pàápàá ní òun fẹ́ kí n wá ya tòun tó bá bí.

Jàmíù gbé e sójú fóònù rẹ̀. Ọkọ mi kì í rí ọmọ lójúmọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ kó ẹrù ní èbúté, nígbà tó bá sì dé, gílóòbù wa ti sọ gbogbo nǹkan di ìyeyè, ògiri, ìrẹsì inú abọ́, èmi náà. Àwòrán mi ló fi mọ ọmọ rẹ̀. Mo pè é láti orí bẹ́ńṣì yìí lẹ́ẹ̀kan, mo ní ọmọ ń ṣàìsàn, wọ́n ti gbé e wọlé. Ó ní, "Àìsàn wo? Ọmọ tó mọ́ tónítóní báyìí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn ọ̀gá wa tán ni." Mo na ọrùn wo ẹsẹ̀ ọmọ. Ó ní, "Fàòsí? Ṣé o wà ńbẹ̀?" Mo wà ńbẹ̀. Mo wà níbí.

Màmá ní ọmọ pupa ni. Màmá Jàmíù, wọn ò fẹ́ kí n ní ìpayà. "Bàbá rẹ̀ náà pupa báyìí kó tó dúdú. Gbé e sí oòrùn àárọ̀." Mo sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó ń sá fún òjò. Mi ò sọ fún wọn pé funfun ojú rẹ̀ náà…

Àmọ́ Dàví Joséphine, àgbà obìnrin inú ẹgbẹ́ wa, béèrè. Àwọn nìkan. Wọ́n ń yan ẹja ní Kpogan, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti tọ́mọ ọlọ́mọ. Lábẹ́ àwòrán àkọ́kọ́, kí n tó fa nǹkan kan, wọ́n kọ ọ́ pé, "Fàòsí, funfun ojú ọmọ yìí ńkọ́? Ṣé ó jaune náà?" Maître dáhùn kíá, "Dàví, òfin wa o! Àwòrán là ń wò." Dàví ní, "Ah, pardon, Maître." Èmi… mo tẹ àtàǹpàkò. Sábẹ́ ọ̀rọ̀ Maître ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Kpogan ò jìnnà sí wa, ọ̀kadà zémì kan péré ni. Mo ní nọ́ńbà Dàví. Mo mọ ilé wọn.

Ọmú mi ń ro. Wàrà ti rin aṣọ mi, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ mu ún. Òun ló gbé wa débí, pé ó kọ ọmú lówùúrọ̀ yìí, mo ń ta á létí, mo ń fi omi ra á lẹ́sẹ̀, ó kàn ń sùn. Ká ní ó mu ọmú ńkọ́? Ṣé ǹ bá ṣì wà nílé, tí mo ń fa ilà?

Mi ò kórìíra ọmọ mi. Ta ló sọ pé mo kórìíra rẹ̀? Mo kàn fẹ́ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò ní fa ilà pupa sí. Ìwé mi, wọ́n fa ilà pupa sí i. Ọbẹ̀ mi, Màmá bu iyọ̀ kún un. Bí mo ṣe ń gbé ọmọ, bí mo ṣe ń jókòó, "Kì í ṣe báyẹn, Fàòsí." Mo ní kí ọmọ yìí pé. Kí ọ̀kan pé lára ohun tí ọwọ́ mi ṣe.

Nígbà náà, kí ló dé tí mo fi ránṣẹ́? Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun wí, kí ló ń wá láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìbáwí? Mo lè fi í pamọ́. Mo lè…

Dúró ná.

Mo fẹ́ kí ẹnìkan wò ó. Òótọ́ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń wá ẹni tó máa bá mi wò ó. Agbẹ̀bí wà, mi ò bi í. Màmá wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú mi. Dàví wà ní Kpogan. Nínú gbogbo ayé, àwọn tí òfin ti dí lẹ́nu ni mo lọ gbé ọmọ mi hàn. Mo mọ òfin náà. Torí òfin náà ni mo ṣe lọ bá wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí ẹnìkan sì sọ ọ́, mo tẹ àtàǹpàkò fún ẹni tó pa á lẹ́nu mọ́.

Mo dìde. Ojú ibi tí wọ́n rán ń ta mí. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí pẹ̀lú àná tí mo fún un, dókítà á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á fi tọ́jú ọmọ tí kì í ṣe tèmi.

Kì í ṣe àná. Kì í tilẹ̀ ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ojú fèrèsé ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Àgbàlá ni, bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí zémì láti ilé ìgbẹ̀bí. Màmá ń kí wa káàbọ̀, oòrùn ọ̀sán mú ganrín-ganrín, ọmọ la ojú ó wò mí. Mo rí i. Mo fa ìborí bò ó, mo yára gbé e wọ inú ilé, síbi tí kò mọ́lẹ̀.

Kò sí fóònù lọ́wọ́ mi nígbà yẹn.