Ìwé Ní Ó Ti Sọ̀kalẹ̀

Ẹni tó bá rí Igbákejì Ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì ń lọ gun òkè, á rò pé ó ń lọ gbé ìyàwó ni. Ó fi òróró pa orí, orí ń dán. Ó wọ bàtà tuntun, bàtà ń dán ju orí lọ, àmọ́ ó há a lẹ́sẹ̀ pinpin.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá wa, ẹ kúkú wọ èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ yín lára."

"Wọ́n máa ya fọ́tò, ìyàwó mi. Bàtà gbígbó kì í jókòó sórí àga ọ̀gá."

Àga yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Oṣù tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá Àgbà máa fẹ̀yìn tì, ó sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá kọ́kọ́ bá òun dé góńgó orí òkè, tó sì bá òun ya fọ́tò níbẹ̀, lòun máa fi àga òun lé lọ́wọ́. Kí ló pa òkè àti àga pọ̀? Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹni tó bá ń bi ọ̀gá léèrè, àga á jìnnà sí i. Ọdún mọ́kànlá ni Igbákejì ti ń wo àga aláwọ yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Bí Ọ̀gá bá jáde lọ jẹun, á yọ́ wọlé, á jókòó, á yí bìrìrì lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dìde kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ní ìsàlẹ̀ òkè, Ìyá Rẹ́jísítà ti tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí imú bọ́ọ̀sì. Òun ló ń tọ́jú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fọwọ́ sí àkókò tí wọ́n dé àti àkókò tí wọ́n lọ. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nídìí ìwé náà, ó sì gbà á gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ.

"Ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ tó gòkè o! Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ tún fọwọ́ sí i!"

Wọ́n sì ní àṣà kan ní ọ́fíìsì wọn. Bí èèyàn bá kọ aago mẹ́jọ tó dé, kò ní gbé bíró kúrò tí á fi kọ aago mẹ́rin tó máa lọ. Ta ló fẹ́ jókòó de aago mẹ́rin? Igbákejì gan-an ló kọ́ wọn. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kì í béèrè lọ́wọ́ ọpọlọ: láàárọ̀ yẹn náà, ó kọ mẹ́jọ, ó kọ mẹ́rin, ó fọwọ́ sí méjèèjì, ó fa ìlà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Àwọn yòókù fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Rẹ́jísítà gbá wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbá Igbákejì lọ́wọ́?

Ni wọ́n bá forí lé òkè. Mẹ́séńjà gbé orin, wọ́n ń gbè é:

*Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tẹ̀ síwájú,*
*Ẹsẹ̀ òsì, má ṣọ̀lẹ.*
*Òkè ò mọ ọ̀gá, òkè ò mọ mẹ́séńjà,*
*Orúnkún nìkan ló mọ̀!*

Igbákejì ò gbè é. Ó ti sáré ṣíwájú, ó ń fò láti orí àpáta kan sí òmíràn bí ewúrẹ́. Kò pẹ́ tí bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó fara dà á. Bàtà tún jẹ. Nígbà tí àwọn olórin fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti jókòó sórí òkúta, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gìgísẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń dúró dè wá ni, sà?" Mẹ́séńjà nìyẹn.

"Mò ń wo ẹwà ilẹ̀ ni."

"Ẹ kú ìwòran o. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹwà yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín kọjá. Ọ̀gá Àgbà náà fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ kọjá, ó ń fimú kọrin. Ìyá Rẹ́jísítà rọra ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó gbá ìwé mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí Igbákejì fi máa fi ẹsẹ̀ lásán wọ́ dé góńgó, èèpo ọsàn nìkan ló bá níbẹ̀. Wọ́n ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn òkè sọ̀kalẹ̀. Ó ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, àtàǹpàkò rẹ̀ bo ìdajì ojú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, ẹnu dẹ́rẹ́bà ló ti padà gbọ́ ọ. Dẹ́rẹ́bà ka orí àwọn èèyàn, ó ní, "Ó ku ẹnì kan o. Mi ò rí Igbákejì."

Ìyá Rẹ́jísítà ṣí ìwé. "Ó ti sọ̀kalẹ̀. Aago mẹ́rin. Wo ọwọ́ rẹ̀."

"Ìyá wa, aago mẹ́ta ààbọ̀ la wà yìí."

"Ìwọ lo ni ọkọ̀. Èmi ni mo ni ìwé."

Dẹ́rẹ́bà wo Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá ní, "Ìgbà wo ni Igbákejì dúró parí iṣẹ́ rí? Ó ti wà nílé. Gbéra."

Bí Igbákejì ṣe sọ̀kalẹ̀ tó bá eruku nìyẹn. Ọkọ̀ tó kó adìẹ ló gbé e délé, láàárín àwọn àgò. Ìyàwó rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó yọ ìyẹ́ kan lórí tó ń dán. Kò sọ̀rọ̀ bàtà. Ó kàn bomi gbígbóná sínú bàsíà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi sílípáàsì wọ́ wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá. "Ẹ fi mí sílẹ̀ lórí òkè, sà!"

Ọ̀gá ní kí Ìyá Rẹ́jísítà gbé ìwé wá. "Ṣé ọwọ́ rẹ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Bí o bá wà lókè títí di aago mẹ́rin, irọ́ lo kọ síbí, ilé sì ni ẹni tó bá kọ irọ́ sínú ìwé yìí ń lọ. Bí ìwé bá jẹ́ òótọ́, o sọ̀kalẹ̀ láìbá mi ya fọ́tò. Mú ọ̀kan."

Igbákejì wo àga. Ó wo ìwé.

"Mo ti sọ̀kalẹ̀, sà."

Ìyá Rẹ́jísítà mi orí. "Mo wí bẹ́ẹ̀."

Fọ́tò orí òkè ti wà lára ògiri báyìí: Ọ̀gá Àgbà àti obìnrin kan tó gbá ìwé mọ́ àyà. Obìnrin náà ló ń yí bìrìrì lórí àga aláwọ. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gorí àga, Igbákejì kọ aago mẹ́jọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yọ́ lọ sí ìlà kejì. Ìyá Rẹ́jísítà fa ìwé náà lábẹ́ bíró rẹ̀, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn.

"Ó di aago mẹ́rin, àbúrò mi."

Igbákejì lọ jókòó, ó ń wo aago ara ògiri. Ní kọ́rídọ̀, Mẹ́séńjà ń gbálẹ̀, ó ń fimú kọrin, ó sì ń fà á gùn níbi tó ti kan orúnkún.