Èèrà Kú Sínú Omi Ọyàn

Ọjọ́ tí Ṣàngódélé ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi, ìyá ọkọ mi ní eyín ló fẹ́ hù. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí gbogbo Massè, ìlú ọkọ mi, ló gbà pé inú ọmọ tó ń hu eyín kì í dúró. Àmọ́ eyín wo ló ń jẹ́ kí ojú ọmọ wọnú? Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí ó tún ń bì, Ìyá wọ yàrá mi wá pẹ̀lú àwo kékeré kan, wọ́n ní kí n fún ọyàn mi sínú rẹ̀.

Mo fún un. Wọ́n mú èèrà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ògì, wọ́n jù ú sínú àwo náà, wọ́n sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ rì. Èèrà jà díẹ̀, ó dákẹ́.

"O rí i, ìyàwó? Ọyàn rẹ ti bàjẹ́. Oró wà nínú ẹ̀. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyá ọkọ ni, èèrà náà sì kú lójú mi kòrókòró. Armand ọkọ mi wà ní Cotonou níbi tó ti ń mọlé. Ojú ọ̀nà ti di amọ̀ láti ìgbà tí òjò ti dé, ilẹ̀ dúdú tiwa yìí tí í bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Mo já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àgbo ni wọ́n ń rọ fún un, omi kànga ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Bó ṣe ń wọlé ló ń jáde. Ọyàn mi kún, ó le gbandi, ó ń ro mí dé apá. Ọmọ ń nàgà sí i, mo ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń sunkún. Nígbà tó yá, ọmọ kò nàgà mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo wá pe Rodrigue, àbúrò mi, tó wá sinmi nílé wa ní Adja-Ouèrè. Òun ni gbogbo ilé wa fi ń yangàn. Ó ń kàwé ní yunifásítì Calavi, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa yàwòrán kòkòrò tí ojú kò lè rí. Kì í tilẹ̀ ṣe kòkòrò náà lódindi o, ọwọ́ rẹ̀ lásán! Lọ́dún tó kọjá, ó fi ọ̀kan hàn wá lórí fóònù rẹ̀: nǹkan kan tó rí bí okùn wíwé, tó ní kókó lórí, ihò kékeré sì wà lára kókó náà. Ó ní pùrótéènì ni wọ́n ń pè é. Mo bi í bóyá torí kí ó má baà gbé ọkọ́ ló ṣe lọ ń ya ọwọ́ kòkòrò. A jọ rẹ́rìn-ín ọjọ́ náà.

Kò sí ẹ̀rín lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí. Ọ̀sán ni ó dé. Ọ̀kadà zémì tó gbé e ti já a sílẹ̀ níbi tí amọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́, amọ̀ sì bò ó dé orúnkún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fa awọ ikùn ọmọ sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà; omi ti gbẹ lára ọmọ. Ó po oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí ó rà bọ̀ mọ́ omi tó ti hó, ó ń fi ṣíbí kán an sí ọmọ lẹ́nu. Ó ní ó jọ pé irú kòkòrò tí òun ń ya ọwọ́ rẹ̀ ló wọ inú ọmọ.

"Ìwọ lo mọ ọwọ́ ẹ̀!" mo pariwo mọ́ ọn. "Gé e! Gé ọwọ́ ẹ̀ kúrò nínú ọmọ mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní ohun tí mo lè fi gé e. Àwòrán ni mo ní." Omi lé sí i lójú. "Ara ìfun ni kòkòrò yẹn fọwọ́ dì mú. Ṣúgà kan wà lára ìfun tó bá ihò orí ọwọ́ ẹ̀ mu. Tí kò bá rí i dì mú, ìgbẹ́ á gbá a jáde. Irú ṣúgà yẹn sì wà nínú ọyàn yín. Tí ọmọ bá ń mu ún, púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò náà á lọ di ti inú ọyàn mú, wọ́n á rò pé ìfun ni, wọ́n á sì bá a lọ síta. Ìgbà wo ló mu ọmú kẹ́yìn?"

Mo wo Ìyá. Ìyá kò wò mí.

"A ti já a," mo ní.

"Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Oró wà nínú ọyàn ẹ̀," Ìyá dá a lóhùn. "Èèrà kú sínú ẹ̀. Ìwé kọ́ la fi ń tọ́mọ nílé yìí."

Rodrigue bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé ṣàlàyé. Mo mọ̀ ọ́n, ó ń wá bí yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ọmọ mi sì ń lọ. Inú bí mi sí Ìyá, ó bí mi sí Rodrigue, ó bí mi sí òjò. Mo dìde. Mo bu omi mímu nínú àmù sínú àwo kan, mo mú èèrà lára ògiri, mo jù ú síbẹ̀, mo sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ rì bí wọ́n ṣe ṣe é.

Èèrà jà díẹ̀, ó dákẹ́.

"Ìyá, ẹ wò ó. Omi tí gbogbo wa ń mu nìyí. Ṣé òun náà lóró ni?"

Wọ́n fi èékánná yọ èèrà náà, wọ́n gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mo fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, kò lágbára láti fà á. Mo fún un sínú ṣíbí. Rodrigue kán omi oníyọ̀ sí i, èmi náà kán omi ọyàn sí i, ó ń ṣàn jáde létí ẹnu. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń pe oríkì rẹ̀, mo ń bú u. Nígbà tó ṣe, ọ̀fun rẹ̀ mì. Ó gbé e mì.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," Rodrigue ní. "Èyí nìkan ò tó. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti máa fa omi sí i lára."

Mi ò pọ̀n ọ́n. Àyà ni mo gbé e sí, kí n lè máa rí ojú rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú èèrà lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ dìde, ẹ bá wa lọ."

"Málọmọ́," wọ́n ní. "Dúrósinmí. Kòsọ́kọ́."

Ẹnikẹ́ni kò pe àwọn orúkọ wọ̀nyẹn rí létí mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọ ilé náà. Àmọ́ ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ irú ọmọ tí à ń sọ bẹ́ẹ̀?

"Èmi ni mo já gbogbo wọn lẹ́nu ọmú," Ìyá ní. "Mo sì ní àbíkú ni wọ́n. Nínú ọyàn ti Armand nìkan ni èèrà ti rìn jáde, ìyàwó. Ti Armand nìkan."

Mi ò lè dúró bá wọn sunkún. Rodrigue ti wà nínú amọ̀, ó ń nawọ́ sí mi.