Ibi Tí Òkúta Kẹtàdínlógún Ti Wá

Ọmọbìnrin náà fi ahọ́n lá òkúta kẹtàdínlógún, ó gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé, ó tún un lá. Àyà Mkawasi já. Láti àárọ̀ ni Chemutai, àlejò tó wá yẹ òkúta wò, ti ń lá wọn lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òkúta tó bá tutù máa ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ hàn ju èyí tó gbẹ lọ. Nígbà tí Mkawasi kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti kẹtàdínlógún yìí kò pa á lẹ́rìn-ín rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ibi tó sì kọ sínú ìwé pé òun ti rí i kì í ṣe ibi tó ti rí i.

Yàrá kan ṣoṣo ni ilé òkúta abúlé Ilole, ní ẹsẹ̀ òkè Kasighau. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń kó ẹ̀wà sí i tẹ́lẹ̀, òórùn àpò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Igba òkúta ó lé mẹ́rìnlá ló tò sórí pákó lára ògiri: funfun, dúdú, èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń tàn bíi gíláàsì tó fọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà funfun díẹ̀ lára, nọ́ńbà sì wà lórí ọ̀dà náà. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan: ẹni tó mú òkúta náà wá, ọjọ́ tó mú un wá, ibi tó ti wà á. Ọdún tí Mkawasi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló dá a sílẹ̀, kí àwọn ará abúlé lè mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin kan péré ló ṣe. Òkúta tí kò bá mọ ilé ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe ohun tí òun ṣe yìí ni, ì bá ti ní kó kúnlẹ̀ kó gbé ọwọ́ sókè.

Ohun tó fa irọ́ náà kò ju oko ẹ̀wà rẹ̀ lọ, éékà méjì lẹ́yìn ilé. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà, ó ń ro ilẹ̀, ọkọ́ rẹ̀ bá òkúta ríbítí kan bí ọ̀dùnkún, òkúta náà là sí méjì, àwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀ sì kọ mànà sí i lójú. Ìdùnnú ló fi gbé e wá sí ilé òkúta. Ó kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́. Nígbà tó kan ibi tó ti rí i, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó mọ àwọn awakùsà. Ibi tí wọ́n bá ti rí òkúta aláwọ̀ ewé olówó iyebíye, kí oṣù tó parí, ewúrẹ́ kò ní rí koríko jẹ níbẹ̀ mọ́. Oko náà ló ń bọ́ ọ, ibẹ̀ ni sàréè ọkọ rẹ̀ sì wà. Ó kọ Mwambiti, òkè kan ní ìlà-oòrùn tí kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ nítorí erin.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá má di wàhálà, àfi ti ìjọba àgbègbè tó kéde pé abúlé tó bá fẹ́ ilẹ̀ ìwakùsà tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mú máàpù wá kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́rú nìyí. Inú ìwé Mkawasi ni Chemutai, onímọ̀ nípa òkúta tí wọ́n bẹ̀ wá láti Nairobi, yóò ti ya máàpù náà. Bí ìwé bá parọ́, òkè òfìfo ni wọn yóò fún Ilole, àjèjì tó bá sì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yóò gba ilẹ̀ gidi.

“Màmá Tíṣà, ẹ wo ọwọ́ mi,” Chemutai wí. Ìka rẹ̀ dúdú bí ẹni tó fi inú pẹ́ńsù ra á. “Òkúta kẹtàdínlógún ló ta á sí mi lọ́wọ́. Ìwé sì ní Mwambiti ló ti wá. Mo bá ẹ̀ṣọ́ igbó gun Mwambiti lánàá, òkúta funfun ló wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀. Òkúta yìí ò débẹ̀ rí.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Mkawasi kò tilẹ̀ pé ogún. Ó la ẹnu láti jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Chemutai kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

“Èyí náà ò débẹ̀. Àti èyí. Àti gbogbo àwọn tí mo tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí. Méjìdínlọ́gọ́ta, Màmá! Mwambiti ni gbogbo wọn ní àwọ́n ti wá. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ó yẹ kí òkè yẹn ti tán nílẹ̀.”

Mkawasi fa ìwé náà mọ́ra. Kisombe, Mwambiti. Walegwa, Mwambiti. Mnjala, Mwambiti. Kisombe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń dá nìkan gbé ẹ̀ṣẹ̀ kiri, láìmọ̀ pé gbogbo abúlé ló jọ ń ru ẹrù kan náà. Ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n nínú, ó sì bínú sí ẹ̀rín ọ̀hún. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó jáde sábẹ́ igi tí àwọn awakùsà jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò, tí wọ́n ń retí máàpù.

“Ẹ̀yin òpùrọ́!” ó pariwo.

“Ẹ káàárọ̀ o, Màmá Tíṣà,” Kisombe dáhùn. Ó wà lára àwọn ọmọ tí Mkawasi kọ́kọ́ kọ́ nílé ìwé, ó sì ti dàgbà báyìí tí eyín iwájú rẹ̀ ti kán, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè kúrò lórí ọpọ́n.

“Kisombe, níbo lo ti rí òkúta kejìlélógójì?”

“Mwambiti ni.”

“Mwambiti tí erin wà? Ìgbà wo lo débẹ̀ kẹ́yìn?”

“Ìgbà tí mo ṣì léyín, Mà.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mkawasi dúró títí ẹ̀rín náà fi rọlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, ó wá ṣàlàyé fún wọn. Bí ó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tí ìwé sì wà báyìí, Mwambiti ni ìjọba yóò fún wọn, kí àwọn àti erin máa jọ wà á. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Walegwa, obìnrin kan ṣoṣo láàrin wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sọ ibi tó ti ń wà á, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹlòmíì ti wà nínú kòtò ẹ̀. Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ọkọ tèmi wa kùsà fọ́dún mẹ́sàn-án, Mwambiti ló ń pè é fún mi, èmi ìyàwó ẹ̀!”

“Ìwọ ńkọ́, kí lo ń sọ fún òun?” Kisombe bi í.

“Mwambiti náà ni.”

Chemutai ti jáde sí wọn. Ó ní òun kò ní fi kòtò ẹnikẹ́ni sínú máàpù, àwọ̀ lásán ni òun yóò fi kun ìhà kọ̀ọ̀kan. Kí kálukú wọlé ní òun nìkan, kó sọ òótọ́ sétí Màmá Tíṣà, ó tán. Gbogbo wọn gbà pé ọ̀rọ̀ náà dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó dìde. Mnjala ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, Kisombe ń ka ọmọ ayò tó ti kà tẹ́lẹ̀.

Mkawasi mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ. Ó ro ti oko rẹ̀, bí ẹ̀wà ṣe ń tanná lọ́wọ́ níbẹ̀, ó ro ti sàréè ọkọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ wúwo. Ṣùgbọ́n ojú wo ni yóò fi jókòó sí yàrá yẹn, kó máa gba òótọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn?

“Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi,” ó wí, “n kò sì ní sọ ọ́ sétí ẹnì kankan. Òkúta kẹtàdínlógún kò ti Mwambiti wá. Oko mi ló ti wá, lẹ́yìn ilé, nísàlẹ̀ igi ìbẹ́pẹ. Mo parọ́.”

Ó ń retí kí ojú wọn tàn sí oko náà. Kisombe gbé ọmọ ayò kan, ó jù ú sínú ihò.

“A mọ̀,” ó wí.

“Ẹ mọ kí ni?”

“A mọ̀ tipẹ́, Màmá. Tí òjò bá ti rọ̀, ilẹ̀ oko yín máa ń ṣàn wá sójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà yẹn ni Walegwa ti rí èyí tó fi rán ọmọ ẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga.”

“Ẹnu ẹ ò dákẹ́!” Walegwa gbá a léjìká.

“Ẹ mọ̀,” Mkawasi wí jẹ́jẹ́, “ẹ ò sì wá wà á?”

Kisombe gbójú sókè wàyí, ó wò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu. “Ohun tí òjò bá gbé sójú ọ̀nà, tiwa ni. Ohun tó wà nínú ọgbà, tẹni tó lọgbà ni. Àbí ẹ rò pé ojú kì í tì wá ni?”

Mkawasi yí padà. Ó wọlé, ó jókòó, wọ́n sì tò wọlé bá a níkọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn yóò tì, ẹni tó wọlé yóò bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀, yóò fi ọwọ́ bo ẹnu, yóò sọ orúkọ ibì kan bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ fún fadá. Walegwa fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tó ń sọ tirẹ̀. Mnjala ní kí Mkawasi kọ́kọ́ búra. Mwambiti ń pa rẹ́ nínú ìwé, Chemutai ń kun máàpù, oòrùn sì ti kúrò láàrin ọ̀run nígbà tí Kisombe, ẹni ìkẹyìn, wọlé.

“Lẹ́yìn odò gbígbẹ Mwasi ni,” ó sọ sí i létí. “Ọ̀hún gan-an, níbi tí òpópónà erin ti yà.”

“Kisombe. Ìrìn wákàtí mẹ́ta nìyẹn.”

“Mẹ́rin, tí orúnkún bá ń dùn mí.” Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ wá ìyàwó rẹ̀ fún kìmángà, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.

Mkawasi kọ Mwasi síwájú òkúta kejìlélógójì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ sí Mwasi, ẹ̀gbẹ́ ọgbà oko òun ló sì gbà kọjá. Ó rántí ọdún tí òjò kọ̀, tí Kisombe ta ewúrẹ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu omi gbígbóná sùn. Ní gbogbo àárọ̀ ọdún náà, òun máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun á sáré dìde, òun á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àdá, òun á máa rò pé ó wá jalè nínú oko òun. Ọkùnrin náà á sì kọjá, tòun ti dígà léjìká, á máa lọ síbi jíjìn.

Chemutai bi í bóyá kí òun fi àwọ̀ ewé kun ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó ní kó kùn ún. Ó pa ìwé náà dé. Inú rẹ̀ dùn, ojú sì ń tì í, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.