Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Dá Rìn

Ògúndèjì, tó ń tún rédíò ṣe ní Bantè, kì í yin ènìyàn. Bí iṣẹ́ bá dára, á dákẹ́. Bí kò bá dára, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tí Joséphine, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, fẹ́ gba òmìnira lọ́dún 1988, ara ọ̀gá kò balẹ̀ rárá.

Rédíò tó ti kú ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù máa ń tún ṣe kí wọ́n tó gba òmìnira. Joséphine ní tòun yàtọ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi ka ìwé ìròyìn Faransé kan nípa ẹ̀rọ tí olùkọ́ kan fún un ní Savalou, ó sì fi àlòkù rédíò kásẹ́ẹ̀tì ṣe kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ń dá rìn. Ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, kó pinnu, kó sì rìn. Ó ní ojú méjì tó ń mọ ìmọ́lẹ̀: ojú ọ̀tún ló ń darí ẹsẹ̀ òsì, tòsì ń darí tọ̀tún, ìyẹn ló fi ń yí síbi tó bá mọ́lẹ̀ jù. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ológeere méjì ló fi ń wá ọ̀nà níwájú bí afọ́jú tó ń lo ọ̀pá.

Ẹnu ya Ògúndèjì. Láti ọdún mẹ́tàlélógún, ohun tí ẹlòmíràn ṣe ló ń tún ṣe.

Wahab, olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, wá láti Savalou. Ó ní kí kẹ̀kẹ́ náà rìn dé ibi àtùpà tó ń tàn ní igun ṣọ́ọ̀bù, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kàn án. Bí kò bá dé ibẹ̀, Joséphine á lo ọdún kan sí i.

Kẹ̀kẹ́ gbéra. Ó kọlu àpótí kan, ó sún sẹ́yìn, ó yà. Ìgbà náà ni Ésaïe, bàbá Joséphine, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú aṣọ funfun gbàlàjà, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìjọ wọn ti ń ṣe. Ó dúró síbi tí oòrùn ojú fèrèsé ń bọ́ sí, aṣọ rẹ̀ sì ń tàn yòò. Kẹ̀kẹ́ fi àtùpà sílẹ̀, ó sì lọ kọlu ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Wahab fi ìdérí dé bírò rẹ̀ bí ẹni tí kò ní fọwọ́ sí ìwé òmìnira mọ́.

Joséphine kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, kò ṣìnà. Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó wá ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Kò mọ àtùpà rárá. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sínú ibòji."

Ésaïe bọ́ síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yí padà, ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, ó sì lọ dúró lẹ́bàá àtùpà.

Wahab ní ẹni tó lè ṣe nǹkan pọ̀, ẹni tó mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe ni kò pọ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé náà.

Ògúndèjì kó irinṣẹ́ lé Joséphine lọ́wọ́, ó sì gbàdúrà fún un bí àṣà wọn. Nígbà tí àwọn àlejò jáde lọ jẹun, ó fa àga àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́ra, ó jókòó lé e. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú kò tì í.

"Joséphine, kọ́ mi. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú kẹ̀kẹ́ yìí."