Àmì Tí Làtíì Kò Rí Mọ́

Kò sí ẹ́ńjìnì Pijó tí Làtíì kò lè tú palẹ̀ kó sì tún un tò. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n Maiduguri ló ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Kúbúrátù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Mùfúlíátù, ọmọ wọn. Nígbà tí ojú Làtíì kọ́kọ́ ń ṣú, eruku ọyẹ́ ló di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kò lọ kírun ìṣáì alẹ́ ní mọ́sáláṣí mọ́. Ó ní ó ń rẹ òun. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òkùnkùn ọ̀nà lòun ń sá fún.

Lọ́yẹ́ ọdún náà ni Ọlábọ̀dé, olùkọ́ kan ní yunifásítì, gbé Pijó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Làtíì ní àdúgbò Bolori. Ṣéènì inú ẹ́ńjìnì ti gbó, ó ń dún ṣakaṣaka. Ìyá Ọlábọ̀dé sì wà lórí àìsàn ní Ọ̀fà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára sí i,” ó ní. “Mo fẹ́ bá wọn láyé.”

Làtíì fi ṣéènì tuntun sí i. Àmì kékeré kan wà lára jíà òkè, òmíràn wà lára tìsàlẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú àmì ara ṣéènì. Bí wọn kò bá ṣe déédéé, písítìnì á gbá fáàfù. Làtíì tẹjú mọ́ ọn títí, bàìbàì ló ń rí. Ó fọwọ́ wá àmì náà, ó gbà pé òun ti bá a. Kò tilẹ̀ fi sípánà yí ẹ́ńjìnì náà wò kí ó tó ní kí Ọlábọ̀dé sítáàtì rẹ̀.

Irin gbá irin nínú ẹ́ńjìnì náà, ó sì kú.

Ọlábọ̀dé sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ti dákẹ́ kí ó tó dé Ọ̀fà.

Kúbúrátù ló rí ọkọ rẹ̀ tó ń táràrà wá sípánà tó wà níwájú orúnkún rẹ̀.

“Bàbá Mùfú, ojú yín ńkọ́?”

Làtíì dẹ́kun wíwá sípánà. “Ó ti ń lọ, Kúbúrá.”

Kúbúrátù mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní èyí tó ti lọ nínú ojú náà kò ní padà, pé ìyókù náà ń bọ̀ wá lọ.

Nígbà tí Ọlábọ̀dé padà dé, Làtíì kò purọ́ fún un.

“Ọ̀gá, ojú mi ni. Mo mọ̀ pé n kò ríran dáadáa, mo sì gba iṣẹ́ yín.”

“Ẹ̀ bá ti sọ fún mi,” ni Ọlábọ̀dé wí. “Ẹ̀ bá kàn ti sọ fún mi.” Ó kọjú sí ògiri.

Làtíì pààrọ̀ àwọn fáàfù tó tẹ̀. Nígbà tó kan ṣéènì, Kúbúrátù ló lóṣòó ti ẹ́ńjìnì.

“Àmì òkè ńkọ́?” Làtíì bi í.

“Ó yẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún.”

“Eyín jíà mélòó?”

“Ẹyọ kan.”

Làtíì sún un. Wọ́n fi sípánà yí ẹ́ńjìnì náà jẹ́jẹ́, títí àmì ara jíà méjèèjì fi padà sí ààyè wọn. Kò sí ohun tó gbá ara wọn.

Ẹ́ńjìnì náà dún geere nígbà tí Ọlábọ̀dé sítáàtì rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Kúbúrátù, kò lè wo ojú Làtíì. Kò tún gbé ọkọ̀ wá síbẹ̀ mọ́.

Làtíì kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún Raphael, mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, kò rí ojú Kúbúrátù mọ́. Aṣọ tí obìnrin náà ń tà ni wọ́n fi ń jẹun. Bí àwọn ará àdúgbò bá bẹ Làtíì pé kó wá gbọ́ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnì àwọn, a máa mi orí.

“A'a,” á fi èdè Hausa kọ̀ fún wọn. “Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ríran.”